Ẹni Tó Pa Apẹja

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi pè é. Má-gé-e ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ lórúkọ náà nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe yàrá géèmù. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti gbé ayùn, kí eyín ayùn tó kan pákó, àbúrò á ti ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gé e." Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì gé e.

Má-gé-e kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ohun tí mo fẹ́ ròyìn nípa rẹ̀ kò dára létí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àìsàn náà gbóògùn.

Àwọn ẹ̀rọ géèmù tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń gbé lé itan. Àpótí pákó ni wọ́n, wọ́n ga ju àgbàlagbà lọ, wọ́n sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá wà nínú wọn, ọ̀pá kékeré kan àti bọ́tìnnì mẹ́ta wà níwájú, ihò tóóró kan sì wà nísàlẹ̀ tí ènìyàn ń ju owó ẹyọ sí. Géèmù kan péré ló ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe wọ́n á ya àwòrán géèmù náà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i láti òkèèrè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà.

Bí géèmù kan bá ti sú àwọn oníbàárà, ẹ̀gbọ́n á tú ìfun rẹ̀ dànù. Á fi ayùn gé iwájú rẹ̀ kí bọ́tìnnì mẹ́fà lè gba ibẹ̀, á kun àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, á wá ki géèmù tuntun bọ inú rẹ̀. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," báyìí ló máa ń wí. Má-gé-e kò rí ẹwà kankan níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi ọ̀dà dúdú bo ohun tí ẹlòmíràn fi sùúrù yà, ojú ń dun ẹni náà ni. Ó ra ìwé àjákọ kan, ó ń wọn iwájú àwọn àpótí náà kí ẹ̀gbọ́n tó gé wọn, ó ń kọ bí ihò ṣe jìnnà sí ihò sínú rẹ̀, nítorí ó gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí òun dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà.

Mẹ́jọ ni àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n gé méje. Ìkẹjọ ni wọ́n ń pè ní Apẹja: ọkùnrin kúkúrú kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹja ńlá olójú pupa kan ń fà á lọ. Géèmù náà kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Má-gé-e fẹ́ràn tó o láyé, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbé ayùn wá sọ́dọ̀ Apẹja, Má-gé-e fi ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà lójú gbogbo oníbàárà.

"Tẹ́ ẹ bá máa gé e," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ gé èmi náà."

Ẹ̀gbọ́n sọ ayùn sílẹ̀. Ojú tì í, ó bínú, ó ní kí àbúrò òun lọ wá ibòmíràn jókòó sí. Fún ọdún méjì gbáko, àwọn ọmọ ìyá méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Má-gé-e gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ó ń tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, àwọn mọ̀lẹ́bí ló bá wọn parí rẹ̀, kì í ṣe ọkàn wọn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n gbàgbé. Má-gé-e ń retí ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ náà, pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, pé kò yẹ kí òun gé àwọn ẹ̀rọ yẹn.

"Tí wọ́n bá bu ọ̀rọ̀ yẹn sínú àwo fún ọ," ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà kan, "kí lo máa fi ṣe?"

Ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ tú fáànù kan.

Fóònù ló pa yàrá géèmù náà níkẹyìn. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ dúró lórí ìlà nítorí ẹja. Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn, ó kó àwọn ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé Apẹja wọlé, Má-gé-e yọ sí wọn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é. Ó ti òkúta mẹ́rin sábẹ́ àpótí náà kí omi má baà kàn án. Ó wo òkè, ó rí páìpù kan tó ń ro tó-tó-tó sórí ilẹ̀ lápá kejì yàrá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa tún páìpù yẹn ṣe." Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ibi tó parí sí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Má-gé-e ṣí ẹ̀yìn Apẹja, ó tú bọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, ìyẹn pátákó tí gbogbo ọpọlọ géèmù wà lára rẹ̀. Bátìrì kékeré kan tó rí bí bọ́tìnnì ẹ̀wù ń bẹ lára bọ́ọ̀dù náà. Gbogbo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ̀ pé bátìrì tí wọ́n bá gbàgbé sára ẹ̀rọ tó ń sùn á jẹrà, omi ara rẹ̀ á sì jẹ gbogbo ọ̀nà iná tó wà nítòsí. Má-gé-e ti rí bọ́ọ̀dù méje tó kú bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀lẹ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ di òfin, tó sì ń wàásù rẹ̀ fún gbogbo oníṣẹ́ tó bá jókòó tì í: "Bọ́ọ̀dù tó bá ń lọ sùn, yọ bátìrì ẹ̀." Ó yọ ti Apẹja bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó fi aṣọ òwú mímọ́ di bọ́ọ̀dù náà, ó dá a padà sínú àpótí, ó tì í.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó dé. Obìnrin ni, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í bá àgbà jiyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ ṣí yàrá géèmù náà padà. Wọ́n pe Má-gé-e sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀gbọ́n ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, orí àpótí ìtìsẹ̀ ni wọ́n gbé wọn lé.

"Bàbá kékeré," ọmọ náà ní, "mo fẹ́ yọ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn kúrò, kí n fi ojú pẹlẹbẹ sí i, kí n sì fi kọ̀ǹpútà kékeré kan síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún géèmù lá wà nínú ẹ̀rọ kan. Apẹja gan-an á wà níbẹ̀."

"Fọ́tò Apẹja lá wà níbẹ̀," Má-gé-e ní. "Tí wọ́n bá gbé fọ́tò bàbá ẹ kọ́ ògiri, ṣé bàbá ẹ ló wà lára ògiri?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ní kí n wá tún ẹsẹ̀ òun ṣe láràárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Má-gé-e kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé àjákọ rẹ̀ jáde, ìwé náà ti gbó, ó ní òun lè dá méje tí wọ́n gé padà bí wọ́n ṣe wà, pákó àti ọ̀dà lòun máa nílò, òun á sì fi sùúrù ha ọ̀dà dúdú kúrò lára àwòrán. Ó ní ènìyàn á wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Ọmọ náà ní ẹni tó bá wá wò kò ní ṣeré. Báyìí ni wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ẹ̀gbọ́n fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí Apẹja dá a," ó ní. "Òun nìkan ni n ò gé. Ìwọ lo tọ́jú ẹ̀. Lọ jí i. Mo fún ẹ ní ọjọ́ mẹ́jọ. Tó bá jí, tó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ayùn kan ìkankan mọ́. Màá pe ọmọ yìí síbí, màá sọ lójú ẹ̀ pé mo jẹ̀bi, pé ìwọ lo gbọ́n. Tí ò bá jí, ọmọ á ṣe tiẹ̀, o ò sì ní pariwo."

Ẹsẹ̀ Má-gé-e kò kan ilẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó gbàgbé láti jẹ ẹ́. "Mo ti mú un," ó ń wí. "Mo ti mú un." Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ẹja ni àbí ẹ̀gbọ́n.

Wọ́n gbé Apẹja wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òkúta mẹ́rin náà ti ṣiṣẹ́ wọn, kò sí omi lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ ìdọ̀tí abẹ́ bọ́tìnnì. Ó pààrọ̀ ọ̀já ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ó nu ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó yọ́ òjé tuntun sí gbogbo ibi tó ti sán, ó fi ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ tẹ̀ lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì ń yà wò ó. Ó ń sọ fún gbogbo wọn pé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n òun á sọ̀rọ̀ kan.

Ó tú bọ́ọ̀dù kúrò nínú aṣọ òwú lọ́jọ́ keje. Ó ń dán. Ọ̀nà iná kan kò jẹrà, ẹyọ irin kan lára rẹ̀ kò dípẹtà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi tí omi lé sí i lójú, ó ní, "Ẹ wo ohun tí ìtọ́jú ń ṣe." Ó fi bátìrì tuntun sí i. Ó so ó mọ́ wáyà, ó tan iná.

Tẹlifíṣọ̀n náà kùn, ojú rẹ̀ là. Àwọ̀ aró kan ló bo gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí, kò sí omi, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹja. Ó pa á, ó tún tàn án. Aró. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ bátìrì, ó fi ìka tẹ àwọn ẹyọ ara bọ́ọ̀dù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ọ̀kan ti dẹ̀. Aró náà ni. Iná ń dé ibi gbogbo tó yẹ kó dé, ohun gbogbo yè, géèmù ni kò sí níbẹ̀.

Ìwé pélébé kan wà tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Má-gé-e ti lò ó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ojú ewé àwòrán wáyà ti ya nítorí àtàǹpàkò rẹ̀. Kò ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn rí. Ìkìlọ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì ti máa ń sọ pé àwọn tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí kò sí ohun tó kù láti yẹ̀ wò, ó kà á. Wọ́n ní bátìrì tó wà lára bọ́ọ̀dù yìí kò dà bí ti àwọn yòókù. Òun ló ń bá bọ́ọ̀dù rántí géèmù. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa; bí ó bá fẹ́ tán, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá wà lára ẹ̀rọ. Bí ó bá kúrò lára bọ́ọ̀dù láìsí iná, géèmù á pa rẹ́, kò sì ní padà mọ́. Àwọn tó ṣe é ló dọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ kí olè má baà rí i jí kọ, ilé iṣẹ́ wọn sì ti kógbá sílé kí Má-gé-e tó ní irun funfun kan lórí.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń gé nǹkan kiri kò fọwọ́ kan Apẹja. Omi kò fọwọ́ kàn án. Ká ní ọ̀lẹ ni Má-gé-e, ká ní ó fi bátìrì yẹn síbẹ̀ tó ń wá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ìwé ṣe wí, ẹja ì bá máa fa ọkọ̀ títí dòní. Ọmọṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan kò lè pa á. Ẹni tó mọ òfin ló pa á, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́ àti aṣọ òwú mímọ́, òkú ló sì ti ń fi òkúta tì lábẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. N kò ní fi ìyẹn dù ú, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ bó o ṣe sọ fún mi yìí. Ẹ̀rín lá fi ẹ́ rín. Ẹ̀rín ò pààyàn."

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó tún un kọ́ lójú ọ̀nà bí ọmọ iléèwé: ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo pa á. Ó bá ẹ̀gbọ́n lórí àga, irọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "Apẹja ti kú."

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Kú báwo?"

"Bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Inú ibi tá a kó o sí ló ti—"

"Páìpù yẹn," ẹ̀gbọ́n ní.

Má-gé-e wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó wú.

"O sọ fún mi," ẹ̀gbọ́n ní. "O dúró níbẹ̀, o nawọ́ sókè, o ní kí n tún un ṣe. Mo ní mo ti gbọ́. Ọdún mọ́kànlá. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń ro láti yàrá mi, mo sì ń sọ pé tó bá dọ̀la." Ó pe ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá. Ọmọ náà jáde wá, ó dúró. "Máa gbọ́," ẹ̀gbọ́n wí fún un. "Bàbá kékeré ẹ ló gbọ́n. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gé méje, kò yẹ kí n gé wọn. Èyí tó fi ara ẹ̀ dì mú kí n má gé, mo tún fi omi pa á fún un." Ó yíjú sí Má-gé-e. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, omi wà níbẹ̀. "Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Foríjì mí."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ìgbà tí irun rẹ̀ dúdú ló bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, ó sì pé, kò sí èyí tó kù. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀ gan-an, kò ju kó mí sí i lọ. Ó ń dúró kó jáde fúnra rẹ̀. Kò jáde. Ohun tó jáde ni, "Mo ti foríjì yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìtìjú ńlá ni. N kò mọ bí mo ṣe lè fi aṣọ bò ó.

"Ṣé kí n ní kí wọ́n fi méje tó kù sílẹ̀ fún ẹ?" ẹ̀gbọ́n bi í. "Àdéhùn lá a ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́, kó o tún wọn ṣe bó o ṣe fẹ́. Ẹ̀tọ́ ẹ ni."

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó ń wo Má-gé-e, ó ń dúró. Kò kù ju kí Má-gé-e sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irọ́ tàn jẹ, kò sì lè jẹ́wọ́ kí ẹ̀bùn náà lè mọ́. Ó ní, "Rárá. Àdéhùn ni àdéhùn." Ẹ̀gbọ́n gbà pé ìwà ọmọlúwàbí ló hù. Ó ní òun kò mọ̀ pé àbúrò òun tóbi tó báyìí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gé Apẹja. Má-gé-e fúnra rẹ̀ ló fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, ó sì di ìdí pákó mú kó má baà sán bí ayùn bá dé òpin. Wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá náà, wọ́n fi ojú pẹlẹbẹ sí i. Yàrá géèmù ṣí padà, àwọn ènìyàn sì ń wá. Iṣẹ́ ọmọ náà mọ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n kò dìde lórí àga náà mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ ọ́ fún, àwọn mọ̀lẹ́bí, àwọn oníbàárà àtijọ́, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀: páìpù kan wà tí òun kò tún ṣe, òun fi pa nǹkan tí àbúrò òun fẹ́ràn jù láyé, àbúrò náà sì foríjì òun láìjanpata. Á nawọ́ sí Má-gé-e, á ní ẹ wò ó. Má-gé-e á gbé àga fún àlejò.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń bi í pé, "Ṣé o ti sọ ọ́?" Á ní ara ẹ̀gbọ́n kò le lónìí. Á ní àlejò pọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ọmọ bá ti lọ sí yàrá géèmù tí ilé bá dá. Ẹ̀gbọ́n kú ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kí tíì tí wọ́n gbé fún un tó tutù. Má-gé-e bá àwọn ènìyàn ní pálọ̀, wọ́n dìde fún un, ọ̀kan nínú wọn sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, ó kéré tán, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kù láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.